Àpótí Tí Mo Fi Ń Tún Etí Baba Mi Ṣe

Etí ni Baba mi fi ń ṣiṣẹ́. Ilé kéú wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìlọrin. Ọmọ á jókòó, á kà, Baba á dijú gbọ́. Bí ó bá ṣì í, wọn á fìka kan ilẹ̀. Bí ó bá dára, wọn á ní, "Máa lọ síwájú." Ẹni tí wọ́n bá ti ní kó máa lọ síwájú, kò sẹ́ni tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í di, a ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún wọn. Látìgbàdégbà, a ní láti so ó mọ́ àpótí kékeré kan, ká so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà, ká fi tún un ṣe. Dókítà tó ń bá wa ṣe é fẹ̀yìn tì, ó gbé àpótí náà fún èmi tí mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tanke.

Kò pẹ́ tí mo ta kọ̀ǹpútà mi, tí mo ra tuntun, tí ètò inú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti àtijọ́. Kò dá àpótí náà mọ̀. Díráífà rẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín òun àti kọ̀ǹpútà, ètò àtijọ́ nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Táíwò Road ní kí n wá yá kọ̀ǹpútà àtijọ́ òun. Mo kọ̀. Mo ti kà á pé èèyàn lè tan díráífà ètò kan jẹ, kó máa ṣiṣẹ́ nínú ètò mìíràn bí ẹni pé ilé rẹ̀ ló wà. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo ṣe é. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbìyànjú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Baba á bi mí pé, "Ṣé ó ti ṣe é ṣe?"

"Ó kù díẹ̀, Baba."

Ẹ̀rọ etí wọn kò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ sọ fún àwọn ọmọ. Ẹnu ni wọ́n ń wò. Bí ẹnu ọmọ bá ti dúró, wọn á ní, "Máa lọ síwájú."

Ó ṣiṣẹ́ níkẹyìn. Inú mi dùn, mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo tún ẹ̀rọ náà ṣe, mo fi sí Baba létí, wọ́n sì pe ọmọbìnrin kan tó ń múra wòlímọ́tù, ayẹyẹ ìparí kéú, kó wá kà.

Ìka Baba kan ilẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́. Ó tún kan ilẹ̀. Wọ́n pe òmíràn, bákan náà ni.

"Ta ló ní kí ẹ máa lọ síwájú?"

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Ààfáà."

Baba ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n yọ ẹ̀rọ náà létí, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé. Wọn ò kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ látọjọ́ náà.

Díráífà yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.