Oògùn Tí Tàwàkálítù So Mọ́ Ìrun

Ẹ̀gbọ́n mi Tàwàkálítù mọ aṣọ rán ju ọ̀gá tó ń kọ́ ọ lọ, mi ò sì ní tìtorí pé ọ̀gá ni kí n purọ́. Wárápá nìkan ló ń ba nǹkan jẹ́ fún un. Lọ́dún 1963, nígbà tó ṣubú lu ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀gá náà wá sílé wa ní Ìsọlọ̀.

"Ìyá Tàwà, ẹ má bínú. Tó bá tún gbé e ní ṣọ́ọ̀bù mi, kó má padà wá mọ́. Àwọn kọ́sítọ́mà ń sá."

Oṣù mẹ́ta péré ló kù kó gba fíríìdọ̀mù! Màmá wa ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi wọ bọ́lẹ̀kájà lọ sí ọsibítù. Dókítà béèrè ìgbà tó máa ń gbé e. Tàwà wolẹ̀. Èmi ni mo dáhùn, ìtìjú kì í dí mi lẹ́nu.

"Tó bá ti ń ṣe nǹkan oṣù ni, sà."

"Ṣé ó ń lo oògùn nígbà yẹn?"

"Rárá, sà," ni Tàwà sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ní kí n máa lò ó lẹ́yìn ìrun àsùbáà àti ìṣáì. Mi ò sì kì í kírun nígbà yẹn, ẹ̀sìn ò gbà á."

Háà! Ọdún méjì gbáko tí wọ́n ti fún un ní oògùn náà! Inú bí mi sí ara mi, torí yàrá kan náà la jọ ń sùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: èmi náà ì bá fi í sílẹ̀.

Dókítà ò bú u. Ó ní àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé àsìkò nǹkan oṣù gan-an ni wárápá máa ń dà wọ́n láàmú jù, oògùn inú ẹ̀jẹ̀ wọn a sì tún máa dínkù.

"Ìgbà tó yẹ kí o fi kún un lo ń fi í sílẹ̀. Agogo ni kí o máa wò, kì í ṣe ìrun. Tó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta kí nǹkan oṣù rẹ dé, fi ààbọ̀ hóró kún un títí yóò fi lọ."

Lóṣù kìíní, ọwọ́ rẹ̀ kàn gbọ̀n díẹ̀ ni. Lóṣù kejì, kò sí nǹkan kan. Ti oṣù kẹta bọ́ sí ọ̀sẹ̀ fíríìdọ̀mù gan-an. Màmá ní kó jókòó sílé, ó kọ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lójoojúmọ́, mo na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbọ́mọ.

Ọjọ́ márùn-ún, kò ṣubú. Ọ̀gá gbàdúrà fún un, ó ní kó máa lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀.

Bá a ṣe ń lọ sílé, mo jókòó gbì sẹ́bàá ọ̀nà. Mo bú sẹ́kún ayọ̀. Tàwà na ọwọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sínátù, dìde jọ̀ọ́. Àbí ó ti wá kàn ẹ́ láti ṣubú ni?"