Dúdú Ni Bàbá Télọ̀ Ní Kí N Fún Àwọn

Ọjọ́ tí Bàbá Télọ̀ sọ fún mi pé dúdú làwọn fẹ́, èmi ni mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tíì tí mo fi ọdún mẹ́tàlá ṣe ní Oríta-mẹ́rin.

Iṣẹ́ náà lédè tirẹ̀. Tíì là ń pe gbogbo rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe tíì ni gbogbo èèyàn ń mu. Bí oníbàárà bá ní "dúdú", kọfí lásán ni, kò sí mílíìkì, kò sí ṣúgà. "Pupa" ni tíì tí a ò bu mílíìkì sí. "Kíki" ni kọfí tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, tó tún gba ṣúgà mẹ́rin. Bó bá wá ní "fà á fún mi", á jẹ́ pé kí n gbé ife kan sókè, kí n máa dà á sínú èkejì títí yóò fi máa hó bí ọṣẹ.

Màlámù tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Ràímì, ojú oníbàárà ni kí o máa wò. Ẹnu ẹni tí kò rówó á ní dúdú, ojú rẹ̀ á ní kíki."

Ojúde ilé wọn ní Pópó Yemọja ni Bàbá Télọ̀ ti ń ránṣọ. Kíki ni wọ́n ń mu láràárọ̀. Lọ́dún tí ṣúgà wọ́n bí ojú, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ní, "Ràímì, dúdú ni o."

Àánú wọn ṣe mí. Mo ní iṣẹ́ aṣọ ti dá, ojú ń ti baba. Mo po kíki, mo fà á dáadáa, mo fọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wojú mi.

"Ràímì, mo ní dúdú."

"Ẹ mu ún, Bàbá. Ọwọ́ mi ló ti wá."

Wọ́n mu ún. Ta ni yóò kọ oore lójú gbogbo bẹ́ǹṣì? Wọn ò tún bẹ̀ mí fún dúdú mọ́, èmi náà ò sì yéé po kíki fún wọn. Mo ń pe ara mi ní ọmọlúàbí. Òmùgọ̀ lásánlàsàn!

Nígbà tó yá, n ò rí wọn mọ́. Ìyàwó wọn ló wá bá mi.

"Àtọ̀gbẹ ni, Ràímì. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ṣúgà. Mo kó o kúrò nílé, mi ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ti ń mu ún. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ wọn."

"Yéè! Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dójú tì ọ́."

Ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń wa máṣíìnì ni wọ́n gé. Wọn ò ránṣọ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Kí wọ́n tó kú, wọ́n padà wá sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú igi lábíyá. Wọ́n ní, "Dúdú." Mo po dúdú fún wọn, n ò fi ṣúgà kankan sí i. Wọ́n mu ún tán, wọ́n dúpẹ́. Mo gba ife náà, mo fọ̀ ọ́.

Mo ta kẹ́tùlù mi lọ́dún náà. Àwọn èèyàn ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Irọ́ ni. Baba sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, èdè iṣẹ́ tèmi ni wọ́n sì fi sọ ọ́.