Orúkọ Tí Àwọn Ìyàwó Ilé Ń Pè Wá

Kékeré ni mí, n ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, nígbà tí wọ́n lé wa kúrò ní Kùmásì. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti gbọ́ nípa bí Nàìjíríà ṣe lé àwọn ará Gáná lọ, ẹ tiẹ̀ máa ń fi báàgì onílà-ílà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Tiwa ti ṣáájú ìyẹn. Àwa ni Gáná kọ́kọ́ lé. Ìjọba wọn ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ máa bá tirẹ̀ lọ, àsìkò tí wọ́n sì fún wa kò tó èèyàn í ta ọjà inú ìsọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ fún yín, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣàánú mi. A ò tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà, n ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni bàbá mi ń ṣe ní Kùmásì, ìyá mi ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Bàbá bàbá mi ló kúrò ní Ẹdẹ, òun àti ìyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe Gáná ní Góòlù Kóòsì. Ó kú síbẹ̀ nígbà tí bàbá mi ṣì ń rákòrò. Bàbá Ẹdẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tó ṣèrìbọmi, wọ́n fún un lórúkọ inú Bíbélì, wọ́n fi Ẹdẹ ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀, ó parí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, bàbá mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n, Ìyá àgbà ò sì fi ẹnu rẹ̀ pè é títí ó fi kú.

Àmọ́ ó ṣe nǹkan kan. Nígbà tó rí i pé ara òun ò gbé e mọ́, ó ránṣẹ́ pe tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kó bá òun kọ orúkọ àwọn èèyàn ọkọ òun tó wà ní Ẹdẹ sẹ́yìn Bíbélì, kí àwọn ọmọ òun má baà sọnù. Tíṣà kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà-gadagba. Bíbélì yẹn ni bàbá mi gbé lọ́jọ́ tí a ń sá. Ó fi páǹpù àti sípánà tó fi ń jẹun sílẹ̀. Ìyá mi, tó ru ìkòkò lórí, tó tún pọn àbúrò mi, bi í pé, "Bàbá wọn, ṣé Bíbélì la ó máa sè jẹ ni?" Bàbá mi ní, "Òun ló máa júwe ilé fún wa."

A wọ lọ́rì títí dé Èkó, a wá wọ rélùwéè láti ibẹ̀. Ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, sọ́jà ló ń ṣèjọba, sọ́jà náà ló ń tú ẹrù èèyàn nínú ọkọ̀. Iyọ̀ wọ́n, ọṣẹ wọ́n, pánla di ohun tí à ń fojú rí lásán. Ọ̀kan nínú àwọn sọ́jà náà gbọ́ Yorùbá ẹnu mi, tí èdè àwọn Àṣáńtì ti wọ̀ dáadáa, ó ní ibo la ń lọ. Bàbá mi ní ilé ni. Sọ́jà náà wo ẹrù wa, ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí rélùwéè dúró ní Ẹdẹ, bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó máa ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Orúkọ agboolé náà wà nínú Bíbélì, kò ṣòro fún wa láti rí. N ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, torí ẹ̀jẹ̀ mi ni àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí. Agboolé ńlá ni. Àwọn kan ń kírun, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, gbogbo wọn sì jọ ń jẹun. Baálé ilé, àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fún wa lómi, ó fún wa níjòókòó. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi tán, ó ní lóòótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n òun kan lọ sí Góòlù Kóòsì nígbà tí òun ṣì kéré, kò sì padà wá mọ́.

"Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ti Gáná bọ̀ lásìkò yìí pọ̀," ó ní. "Gbogbo wọn ló ń wálé. Dárúkọ àwọn èèyàn bàbá rẹ fún mi."

Bàbá mi ṣí Bíbélì. Ó dìde dúró, ó kà á bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Agùntáṣọ́ọ̀lò, ẹni tí mo bá wá sí Kùmásì. Eyínfúnjowó. Ìdílẹ̀kẹ̀. Ọkọ Ẹlẹ́kún."

Àwọn ọkùnrin tó jókòó wo ara wọn. Ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló ń jẹ́ Ọkọ Ẹlẹ́kún?" Baálé ilé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní wọn ò sọ ẹnì kankan lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé náà, pé ẹni tó kọ Bíbélì yẹn fún wa ti tàn wá jẹ. Ó ní kí a sinmi di ọjọ́ Jímọ̀, kí a wá ilé wa lọ síbòmíì, bóyá Ìwó ni, bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Yàrá ẹ̀gbọ́n tó lọ sí Góòlù Kóòsì wà níbẹ̀, wọ́n ti háyà rẹ̀ fún èèyàn. Oko obì rẹ̀ wà lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà, baálé ilé ló ń ká a. N ò sọ pé olè ni wọ́n. Wọ́n gbà pé ẹni tó ni ín ti kú láìlọ́mọ, ìlú sì le, obì yẹn ló ń bọ́ wọn. Bí wọ́n bá gbà pé ọmọ ilé ni wá, gbogbo ìyẹn á yí padà. Bí wọn ò bá sì gbà, a jẹ́ pé a ò nílé níbì kankan láyé nìyẹn.

Bàbá mi pa Bíbélì dé. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní. "Wọ́n lé mi ní Gáná pé àlejò ni mí. Mo gbà fún wọn, mo kó ẹrù mi. Ẹ̀yin náà wá ní àlejò ni mí. Tiyín ni n ò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ kí n kúrò níhìn-ín, kó wá gbé mi."

A tẹ́ ẹní sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ìyá mi, tó ti ń ráhùn bọ̀ láti Kùmásì, kò ráhùn mọ́. Ó to ààrò sí gbangba ojúde láìbi ẹnikẹ́ni, ó dáná, ó sì ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé e níyàwó sí. Ọjọ́ Jímọ̀ dé, ó kọjá, a ò lọ. Àwọn ìyàwó kékeré ilé máa ń bu iyọ̀ fún un ní bòńkẹ́lẹ́. Àwọn ọkùnrin ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá bí ìgbà tí èèyàn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹrù tí ẹnìkan gbàgbé síta kọjá. Ó dùn wá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín. Bàbá mi kì í jẹun tán nígbà náà.

Àwọn ọmọdé ló wá burú jù. Bí mo bá ń lọ síbi ẹ̀rọ omi, wọ́n á máa kọrin tẹ̀lé mi: "Ọmọ Gáná, kò nílé! Ọmọ Gáná, kò ní bàbá àgbà!" Èmi kì í sunkún. Bàbá mi máa ń ka orúkọ ẹ̀yìn Bíbélì fún wa lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, mo sì ti há a sórí. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, n ó gbé korobá mi kalẹ̀, n ó fọwọ́ síbàdí, n ó sì pariwo: "Ọmọ-ọmọ Agùntáṣọ́ọ̀lò ni mí! Ẹ lọ bi Eyínfúnjowó! Ẹ lọ bi Ìdílẹ̀kẹ̀!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi ṣubú lulẹ̀. Èmi náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ìyàwó tó dàgbà jù nínú agboolé náà ò sí nílé nígbà tí a dé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bímọ ní Awó, ó lọ bá wọn tọ́jú ìyá àti ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó dé, èmi àti àwọn ọmọ náà ti wà lẹ́nu ìjà wa. Ó dúró, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ta lo pè yẹn?"

Mo rò pé ó fẹ́ nà mí ni. Mo ní, "Agùntáṣọ́ọ̀lò. Bàbá àgbà mi ni. Ẹ̀yin náà ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ẹnìkan sọ òun. Wọ́n sọ̀ ọ́ tán, ó ní, "Ta ló tún kù?"

Mo kà wọ́n fún un. Nígbà tí mo dé orí Ọkọ Ẹlẹ́kún, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Ó ní, "Ṣé ọmọ Alájùé ni ìyá tó bí bàbá rẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Alájùé ni wọ́n ní àwọn ti wá. Ó fà mí mọ́ra. "Èmi àti rẹ̀ la jọ wọlé yìí," ó ní. "Ọdún kan náà ni wọ́n gbé wa níyàwó."

Ẹ̀yin òde òní, ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, ìyàwó kì í fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹni tí wọ́n ti bí kó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni. Á wo ìrísí rẹ̀ tàbí ìṣe rẹ̀, á fún un lórúkọ mìíràn: ti ẹni tó ga, ti ẹni tí eyín rẹ̀ funfun, ti ọmọ tí kì í yé sunkún. Ìyá àgbà wà lẹ́nu ikú nílùú òkèèrè, kò sí ará ilé ọkọ kankan nítòsí tó máa gbọ́, síbẹ̀ kò dárúkọ wọn. Ohun tó mọ̀ ọ́n pè ló ní kí tíṣà kọ. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, àwọn ìyàwó tó ń pè é ti kú tán àfi ẹyọ kan yìí. Ibo làwọn ọkùnrin fẹ́ ti mọ̀ ọ́n? Wọn kì í ṣe ìyàwó ara wọn.

Nírọ̀lẹ́, ìyá náà wẹ̀, ó ró aṣọ tó dáa, ó lọ bá baálé ilé níbi tí àwọn ọkùnrin pé jọ sí. Ó kúnlẹ̀. "Ọkọ mi," ó ní, "ọmọ yín ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn o."

Baálé ilé ní, "Ìyá, ṣé orúkọ tí obìnrin fi ń ṣàwàdà la máa fi pín ilé? Ta ni ò lè ga?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin gan-an ni Ọkọ Ẹlẹ́kún. Èmi ni mo máa ń pọ̀n yín bí ìyá yín bá lọ ọjà. Ìgbà tẹ́ ẹ dàgbà la pààrọ̀ rẹ̀ fún yín."

Ẹ̀rín gbọ̀n àwọn kan, wọ́n gbé e mì. Baálé ilé ò mira. Ó ní, "Èmi ò rántí. Bó bá dá yín lójú, ẹ pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tí bàbá wa sọ ọ́. Ẹ pè é kí gbogbo wa gbọ́."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ìyá yìí ti darúgbó sínú ilé náà láìṣẹ̀ sí èèwọ̀ yẹn rí, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní bẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo rí ìyá mi tó fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá náà dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó sì pè é. Ó pe orúkọ bàbá àgbà mi ketekete. Ó pe ti Eyínfúnjowó, ó pe ti Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó wá kọjú sí baálé ilé, ó pe tirẹ̀ náà níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀, kò fi "ọkọ mi" ṣáájú.

"Mo ti pè yín tán," ó ní. "Ẹ bu ìtanràn lé mi. Bó bá jẹ́ pé ohun tó máa mú ọmọ ilé wọlé nìyẹn, n ó tún un pè lọ́la."

Bàbá mi, tó ti gbéyàwó, tó ti bímọ, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ń pè é jẹ́jẹ́, ó ń tún un pè, omi ń dà lójú rẹ̀.

Baálé ilé ò tọrọ àforíjì, kò sì tọrọ rẹ̀ títí ó fi kú. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ ṣí yàrá yẹn fún wọn." Obì Sẹ̀kọ̀nà, a pín in, a jà kí tiwa tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, a tún jà lẹ́yìn rẹ̀. N ò ní parọ́ fún yín pé ìfẹ́ kún ilé lọ́jọ́ kan. Ní ti ìtanràn, kò sẹ́ni tó láyà láti bù ú lé e.

Ayé ti yí padà báyìí. Àwọn ìyàwó tó ń wọ agboolé wa, orúkọ wa gan-an ni wọ́n ń pè, wọ́n á tiẹ̀ pe ọkọ wọn lórúkọ láti ìta. Àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà lókè òkun ń wá ìdílé kiri lórí fóònù. N kì í bá wọn jà. Àmọ́ èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn ọmọbìnrin ilé, ìyàwó tuntun tó bá dé, n ó ní kó jókòó tì mí, kó wò mí dáadáa, kó fún mi lórúkọ tí wọ́n á máa pè láàárín ara wọn. Ọkọ Alágídí ni èyí tó dé kẹ́yìn sọ mí. Mo gbà á, mo sì fún un lówó.

Láìpẹ́ yìí, akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì wo ìwé ọjọ́ ìbí mi, ó rí Kùmásì níbẹ̀, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ọmọ Ẹdẹ ni yín lóòótọ́?" Mo ní kó dìde lórí àga, kó tẹ̀lé mi délé, kó lọ bi àwọn ìyàwó.