Ewé Tí Bàbá Aránwèé Rán Sódì

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Aránwèé ti ń tún ìwé tó fàya rán, kò sì tíì ka ẹyọ kan dópin nínú wọn. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé gbogbo ẹni tó ń kan pósí náà ló ń sùn sínú ẹ̀? Ilé ìkàwé tó wà lójú títì ló ń kó iṣẹ́ fún un. Á fi abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn rán ewé wọn pọ̀, á lẹ ẹ̀yìn wọn ní gọ́ọ̀mù, á sì kì wọ́n sínú irin ìfúnpọ̀ kí wọ́n lè gún. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ewé nìkan ló máa ń wò kó má baà tò wọ́n lódì.

Àmọ́ ìwé tí wọ́n gbé wá lọ́jọ́ Ajé yìí, ikán ti jẹ gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà kankan ò ṣẹ́ kù. Bí Bàbá ò bá kà á, kò lè tò ó. Ìtàn àtijọ́ kan ni, irú èyí tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ti kà: ọmọbìnrin kan tó dàgbà lẹ́bàá odò, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó ń fi aṣọ fífọ̀ jẹun. Bàbá fi awò sójú, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

Kò tíì ka ewé mẹ́wàá tínú fi ń bí i. Ọmọ yìí lẹ́nu jù! Ìyá ní kó wá sá aṣọ, ọkọ̀ ojú omi ló ń wò. Ìyá ní kó lọ sùn, ó ń béèrè ibi tí odò ń lọ. Kí ló kàn án níbẹ̀? Bàbá ń dá sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbè sẹ́yìn ìyá. Ìgbà tó wá dé ibi tí ọmọ náà ti ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìka ìyá rẹ̀ kó lè móoru, ó bọ́ awò, ó nù ún. Ọmọbìnrin tiẹ̀ náà máa ń jókòó tì í bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, á máa bá a ha gọ́ọ̀mù gbígbẹ kúrò níka.

Ọmọ yẹn ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti gbà á, níbi tó jìn tó ìrìn ọjọ́ kan, ọjọ́ Ẹtì sì ni fọ́ọ̀mù tí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bi bàbá rẹ̀ léèrè, bàbá ní òun ṣì ń rò ó. Irọ́ gbuu! Fọ́ọ̀mù wà nínú irin ìfúnpọ̀, láàárín pákó méjì, ó ti yí irin pa mọ́ ọn. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ ti kú, àwọn méjèèjì nìkan ló kù sílé. Ẹ̀rù ń ba ọkùnrin náà, ká sọ òótọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó ka ibi tí ọmọ inú ìwé ti ní òun ń lọ sílùú ńlá, tí ìyá sì gbé bàtà kan ṣoṣo tí ọmọ ní pa mọ́. Ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà, ewé sì tán síbẹ̀. Bàbá wá ewé tó kàn láàárín àwọn tó tú ká. Ó rí ọ̀kan: ọmọ wọlé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ ìyá lé itan ara rẹ̀. Inú Bàbá dùn ṣìnkìn. Ó kì í bọ ibẹ̀, ó rán an.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé, ó rí ìwé náà lórí tábìlì, ó ṣí i, ó kà díẹ̀, ó sì dúró.

"Bàbá mi, ewé yìí kọ́ ló kàn."

Bàbá ní ewé náà ló kàn, ṣebí ọmọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé. Ọmọ fi ìka tọ́ka fún un: níbi tí ìyá ti gbé bàtà pa mọ́, irun rẹ̀ dúdú, níbí yìí, ó ti funfun báláú.

"Ẹ̀yìn ìwé lọ́hùn-ún lewé yìí wà. Ó lọ, Bàbá. Láìwọ bàtà ló ṣe lọ."

Bàbá wo irun inú ìwé, ó fọwọ́ pa tiẹ̀ náà.

"Ó wá padà wá?"

"Ẹ̀yin náà ti kà á. Ó padà wá jókòó ti ìyá ẹ̀."

Bàbá mú ọ̀bẹ, ó gé okùn tó fi rán ewé náà, ó sì fà á yọ. Ó dìde lọ sídìí irin ìfúnpọ̀, ó yí i, ó yí i títí ó fi dẹ̀, ó fa fọ́ọ̀mù jáde láàárín pákó. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ rí i, ó rí ibi tó ti jáde, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ojú ti Bàbá, kò lè wò ó. Ó wá bírò láàárín àwọn abẹ́rẹ́, ó fọwọ́ sí i, ó nà án sí i.

"Ìwọ wọ bàtà lọ ní tìẹ, ìyá mi."