Wáyà Tí Mo Rì Mọ́lẹ̀ ní Awkunanaw

Òórùn ilẹ̀ pupa tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin kì í jẹ́ kí n lè jókòó. Àwọn mìíràn á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ooru ti rọlẹ̀. Èmi á dìde, n ó máa rìn kiri inú ilé bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ìyàwó mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn, kò bi mí mọ́. Ohun tó fà á ti pẹ́. Ìgbà tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀ ní Enugu ni, ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Awkunanaw ni mo ń gbé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé obìnrin ará Ìjẹ̀bú kan tó fẹ́ tíṣà ọmọ Ígbò. Ìyá Ilé ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wọn, arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í sinmi, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mama Nnukwu, ìyẹn ìyá àgbà lédè wọn. Òun ló kọ́kọ́ pè mí ní ọmọ ní ìlú yẹn. Bó bá sun iṣu, á fi tèmi sílẹ̀, á sì jókòó tì mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ìyá Ilé ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́nu géètì, níbi tó ti ń ta ẹlẹ́rìndòdò àti omi tútù. Ó gbé fìríìjì síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka máńgòrò ti já wáyà tó gba òkè lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n bá òun gbé e gba abẹ́ ilẹ̀. Ta ni kò bá tún pè? Iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ni mo kà ní yunifásítì, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà gbàgbé.

Ní Ogui, láàárín ìlú Enugu, ọkùnrin àgbàlagbà kan wà tó ń ta wáyà, tó sì tún ń tún iná ṣe. Ó ní wáyà tí wọ́n fi irin wẹ́ẹ́rẹ́ wé lára lábẹ́ rọ́bà dúdú ni kí n rì, pé irin yẹn ni kì í jẹ́ kí ikán tàbí ọkọ́ dé ibi tí iná wà. Ṣùgbọ́n ó ti tán nílẹ̀, ó di ọjọ́ Túsìdeè.

"Corper, abeg wait," ó wí. "Four days no far. This white one na for inside house. Ground no be wall."

Ọjọ́ mẹ́rin! Lójú mi, ọdún mẹ́rin ni. Wọ́n ti kọ lẹ́tà pè mí wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọ̀la ni mo sì fẹ́ wọkọ̀. Mo fẹ́ kí fìríìjì ti máa kùn kí n tó lọ, kí ìyìn Ìyá Ilé sìn mí dé gáréèjì. Mo sọ fún bàbá náà pé mo ní dìgírì. Ó wò mí, ó wọn wáyà funfun fún mi. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé àkísà wúlò.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ ilẹ̀ àgbàlá di àpáta. Ó yẹ kí n gbẹ́ ẹ dé orúnkún, kí n da iyanrìn sí i, kí n to bíríkì sórí wáyà, kí ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ lè kọ́kọ́ bá bíríkì pàdé. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Kòtò náà kò tíì jìn ju kókósẹ̀ lọ tí àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Mo tẹ́ wáyà sí i, mo fi ẹsẹ̀ kó erùpẹ̀ bò ó. Ta ni yóò gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀? Ilẹ̀ gbalasa tí a ń gbá láràárọ̀ ni lójú mi, bíi ti ilé wa n'Ìbàdàn.

"Ṣé kò séwu, ọmọ mi?" Ìyá Ilé bi mí.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ní Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níwájú mi bi mí pé irú wáyà wo ni mo máa rì sílẹ̀ níta. Ẹnu mi ò kọ́ rárá: èyí tó ní irin lára, kòtò tó dé orúnkún, iyanrìn, bíríkì. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Òógùn bò mí. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ara mi ò ti lélẹ̀ mọ́. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá padà, gbogbo ẹni tí mo rí tó mú ọkọ́ dání lẹ́bàá títì ni mo ń wò títí ọkọ̀ fi kọjá.

Síbẹ̀, mo dé Awkunanaw, mi ò sọ nǹkan kan. Fìríìjì ń kùn, Ìyá Ilé ń yìn mí fún àwọn aládùúgbò, ojú ń tì mí. N ó jáde, n ó rìn gba orí ibi tí mo rì í sí lọ sí géètì, n ó tún padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rin ìrìn yẹn. Níkẹyìn mo pinnu pé tó bá di Sátidé, n ó ra ojúlówó, n ó sọ pé ńṣe ni mo fẹ́ mú iṣẹ́ náà dára sí i. Ẹ ò rí ayé mi? Àtúnṣe àṣìṣe gan-an, mo tún fẹ́ fi gba ìyìn.

Ní ìdájí Sátidé ọ̀hún, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mo mú ọ̀nà Ogui pọ̀n. Wáyà onírin ti dé. Bí bàbá náà ṣe ń wọ̀n ọ́n, ó bi mí pé, "Wetin una dey plant for that side?"

"Nothing. Na bare ground."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Bare ground for dry season! Rain don fall, my pikin. Every mama don carry hoe this morning."

Mi ò dúró gba wáyà. Ní Gariki, tí kò jìnnà sílé mọ́, ọkọ̀ dí ọ̀nà pa, mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo sáré. Ojúlé tí mo bá kọjá, obìnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tó ń kọ ebè, nínú àgbàlá tí mo ti rò pé ilẹ̀ lásán ni. Mo ń sáré, mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bú ara mi.

Mama Nnukwu dúró láàárín ebè tuntun láìwọ bàtà, nínú ilẹ̀ tútù, ó di orí wáyà tó já mú.

"Corper," ó wí, "your rope enter my farm. I don cut am. I dey find the other side."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, mo fa súwíìṣì ńlá wálẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé kò sí ohun tó ń kùn nínú ilé, fáànù dúró jẹ́. Iná ti lọ látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi ò tíì kúrò lára súwíìṣì tí àwọn ọmọdé àdúgbò fi hó yèè pé iná ti dé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Ilé. Kò pariwo. Ó kàn ní, "O mọ̀, o sì ní kí n fọkàn balẹ̀." Mama Nnukwu ní tirẹ̀ kò bínú. Ọkọ́ tó fi gé wáyà ló nà sí mi, ó ní kí n fi gbẹ́ kòtò tuntun, ó sì dúró tì mí títí ó fi dé orúnkún.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ n'Ìbàdàn, nítorí ìdáhùn yẹn. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, kí n tó wọn wáyà kankan, n ó kọ́kọ́ béèrè pé ta ní ń gbin nǹkan síbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á máa rẹ́rìn-ín pé ọ̀gá ń wá oko. Bí iná bá sì lọ lónìí, tí gbogbo ilé ń ráhùn, tí wọ́n ń ṣépè, wọn ò tíì gbọ́ ohùn mi láàárín wọn rí.