Ìbéèrè Tí Ìlú Kò Bi

Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa, Ìwòyè-Kétu ni mo ń gbé. Epo bẹntiróòlù wọ́n débi pé ẹsẹ̀ ni àwọn ẹ̀fọn wa fi ń rìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo bá ọ̀kan pàdé lọ́nà oko, ó ń tiro.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, nítorí ewúrẹ́ jẹ síléètì mi. Torí náà, nígbà tí Tíṣà Bọ́sẹ̀, ọmọbìnrin Ayétòrò kan, dá ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀dán, mo lọ. Kò fi A, B, D bẹ̀rẹ̀. Ó ní ká dárúkọ ohun tó ń dùn wá.

"Epo!" Gbogbo wa pariwo. Ọ̀rọ̀ tí a kọ́kọ́ kọ sára pátákó nìyẹn.

Ó wá bi wá pé, "Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín?"

Màmá Ráfátù, tó ni ẹ̀rọ tí gbogbo àdúgbò fi ń lọ ẹ̀gẹ́, fò dìde. "Wọ́n ní a óò gbé e sọdá ẹnubodè lọ tà. Ṣé ẹ̀rọ tèmi mọ ọ̀nà Kutonu ni?" Ẹ̀gẹ́ àwọn èèyàn ti ń jẹrà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Tíṣà ní, "Màmá, bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ bi ọ̀gá ìjọba tó ń bọ̀." A fẹnu kò sí i.

Ọ̀gá dé. Ṣùgbọ́n nílùú wa, ẹnu kan ṣoṣo ló ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Bàbá Ṣàlàkọ́, agbẹnusọ ìlú, dìde. Ó kí ọ̀gá, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí ìyá tó bí i; díẹ̀ ló kù kó kí táyà mọ́tò rẹ̀. Màmá Ráfátù nawọ́ sókè.

"Obìnrin yìí, jókòó! Ìlú ti sọ̀rọ̀."

"Kí ni ìlú sọ, Bàbá? Ẹ kò dárúkọ epo! Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́ o!"

"A kì í fi ẹjọ́ pàdé àlejò."

Àwa tí a jọ kọ "epo" tẹjú mọ́lẹ̀. Ọ̀gá yìn wá pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni wá, ó pín ìrẹsì, ó lọ. Ìrẹsì òkèèrè ni o, irú èyí tí wọ́n torí rẹ̀ ti ẹnubodè! A sì jẹ ẹ́.

Tíṣà sunkún. Ó ní, "A bi ìjọba léèrè lábẹ́ igi, a kò bi ara wa pé ta ló ni ẹnu ìlú."

Ẹnubodè ti ṣí báyìí. Lónìí, obìnrin ń sọ̀rọ̀ níwájú àlejò nílùú wa. Èyí tí a rí jèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n Màmá Ráfátù ti ta ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti kó lọ sí Ìlaròó, kò sì sí ẹni tó tíì dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Bí mo bá rí obìnrin tó ru ẹ̀gẹ́ kọjá lábẹ́ igi ọ̀dán, tó ń wá ibi jíjìn tí yóò ti lọ̀ ọ́, èmi òpùrọ́ àgbà, n kì í rí irọ́ kankan pa.