Mo gbèjà ìyàwó, mo kó bá ọkọ

Ẹnu mi ti dá wàhálà sílẹ̀ lónìí o.

Ìyàwó bùọ̀dá mi tún bí obìnrin. Mo kúrò ní kíláàsì, mo lọ kí wọn nílé wọn ní Ibido.

Màmá wa ń bó obì lọ́wọ́, wọ́n ń kùn: "Obìnrin, obìnrin ṣáá! Ṣé ìyàwó yìí ò mọ ọkùnrin bí ni?"

Ìyàwó dorí kodò, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Inú bí mi.

Mo ní, "Màámi, ẹ fi ìyàwó yín lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní kíláàsì ni. Nínú sẹ́ẹ̀lì obìnrin, X méjì ló wà. Ti ọkùnrin, X kan, Y kan. X ni ìyá máa ń fún ọmọ; tí bàbá náà bá fún un ní X, obìnrin nìyẹn, tó bá jẹ́ Y, ọkùnrin. Ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá ló ti wá!"

Màmá sọ obì ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n yíjú sí Bùọ̀dá tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó: "Háà! Ṣé ìwọ ni?"

Orí mi wú. Àṣé mo ti bà á jẹ́.

Nígbà tí mo ń lọ, Bùọ̀dá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rọra bi mí pé, "Ṣé wọ́n kọ́ yín ní oògùn ẹ̀?"

Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó ń yan X tàbí Y. Mi ò sọ pé kò sí àìsàn níbẹ̀, kò sí ẹ̀bi.

Mi ò tiẹ̀ gbé ọmọ náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n lọ sọ fún wọn lọ́la?